Ọmọ Òṣogbo Létí Odò Mekong

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí kámẹ́rà òyìnbó kan gbá mi lórí lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun. Arugbá ń bọ̀, èrò ti kún ojú ọ̀nà títí dé etí odò. Òyìnbó yẹn ń fẹ̀yìn rìn kó lè ríbi ya àwòrán igbá tó wà lórí ọmọbìnrin náà, kò mọ̀ pé ọmọdé wà lẹ́yìn òun. Ìyá mi fà mí mọ́ra, ó fọwọ́ ra mí lórí, ó ní, "Má dá a lóhùn, òǹwòran ni. Kò mọ ohun tó ń wò." Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi dàgbà. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ọjọ́ ń bọ̀ tí èmi náà á máa fẹ̀yìn rìn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, nílùú tí wọn ò ti gbọ́ orúkọ Òṣogbo rí.

Luang Prabang ni wọ́n ń pe ìlú náà, ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Laos. Laos ò ní etí òkun rárá. Ṣáínà, Vietnam, Cambodia, Thailand àti Myanmar ló yí i ká. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tó bá gbéra ní Vientiane tó jẹ́ olú-ìlú, ọ̀sán á pọ́n ọn sínú bọ́ọ̀sì tó ń gòkè tó ń sọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin tí wọ́n là láti Ṣáínà wá, ìrìn náà sì di nǹkan bíi wákàtí méjì. Ihò inú òkè ni rélùwéè yẹn ń gbà ṣáá: o ò tíì wo igi tán tí òkùnkùn á tún fi bo fèrèsé. Ìdajì oṣù Kẹrin ni mo lọ, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń sun oko orí òkè. Èéfín gba gbogbo ilẹ̀, oòrùn pọ́n yòò lọ́sàn-án gangan. Imú mi mọ òórùn yẹn dáadáa. Òórùn ọ̀nà Ìkìrun nínú oṣù Èrèlé ni.

Ẹni tó bá ti dé Lọ́kọ́ja, tó ti wo ibi tí odò Ọya ti pàdé Bẹ́núé, ti rí díẹ̀ lára Luang Prabang. Mekong ni ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, ó fẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Nam Khan ni àbúrò, ó ń rọra yí ẹ̀yìn ìlú po kó tó bọ́ sínú rẹ̀. Ilẹ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì yọ síta bí ahọ́n, orí ahọ́n yẹn sì ni ìlú wà. Òkè kan tó ń jẹ́ Phousi dúró láàárín ìgboro bí Olúmọ ṣe dúró ti àwọn Ẹ̀gbá. Kò ga ju nǹkan bíi mítà 100 lọ, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tó lé ní 300 ni wàá gùn kó o tó dé ṣóńṣó rẹ̀, orúnkún rẹ á sì ròyìn.

Ìlú ọba ni. Ní 1353 ni Fa Ngum tẹ ìjọba kan dó síbẹ̀ tó sọ ní Lan Xang, ìyẹn ilẹ̀ mílíọ̀nù erin. Ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn náà, ọba Setthathirath kó olú-ìlú lọ sí Vientiane, ṣùgbọ́n nígbà tiẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ Wat Xieng Thong síbi tí odò méjèèjì ti fẹ́ pàdé. Wat ni wọ́n ń pe ọgbà ilé ìsìn Búdà. Òrùlé Xieng Thong wálẹ̀ ní ìpele-ìpele títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, bí àgbébọ̀ adìyẹ tó ń sàba. Lára ògiri ẹ̀yìn, wọ́n fi èérún gíláàsì aláwọ̀ oríṣiríṣi to igi ńlá kan, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń jó lára rẹ̀. Àwọn Faransé gba ibẹ̀ ní 1893, ilé tí wọ́n kọ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé onípákó ti àwọn ará ìlú, pẹ̀lú fèrèsé gígùn onígi tó ń rán mi létí ilé àwọn Àgùdà ní Èkó. Ní 1975 ni ìjọba àwọn Kọ́múníìsì fòpin sí oyè ọba. Ààfin ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní 1995 ni UNESCO kọ orúkọ ìlú náà sínú ìwé ogún àgbáyé, ọdún mẹ́wàá gééré kí wọ́n tó kọ ti igbó Ọ̀ṣun. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n wa ni wọ́n nínú ká máa gba àlejò tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn.

Èdè wọn ló kọ́kọ́ mú kí ara tù mí. Òyìnbó tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ ń ṣàròyé pé bákan náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ń dún. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ẹni tó ti ń ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀ láti kékeré, kí ni yóò bà á lẹ́rù nínú èdè olóhùn? Khao lè jẹ́ ìrẹsì, ó lè jẹ́ funfun, ó lè jẹ́ ìròyìn, bí o bá ṣe gbé ohùn sí i àti bí o bá ṣe fà á gùn tó ni. Mo fìgbéraga jókòó sí ìsọ̀ olóúnjẹ, mo bèèrè ìrẹsì. Ọmọ tó ń tajà wò mí bíi pé mo ní kó wá ròyìn fún mi.

Bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn ló tún jọ tiwa. Wọn kì í gé orúkọ àgbà pè. Ai ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, euay ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, nong ni àbúrò, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, gẹ́gẹ́ bí àbúrò tiwa gan-an. Ìyá onílé tí mo dé sí lè ju ìyá mi lọ díẹ̀, pa ni wọ́n sì ní kí n máa pè é, bí ìgbà tí èèyàn ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nítorí ara mi ò gbà kí n kí i lóòró. Ó sáré dìde, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú àyà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń bi ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe ògbufọ̀ bóyá ikùn ló ń run mí.

Ìdájí ọjọ́ kejì ló jí mi, kò tíì tó aago mẹ́fà. Ó ti tẹ́ ẹní síwájú ilé, ó ti bọ́ bàtà, ó ti fi ìborùn tẹ́ẹ́rẹ́ gba èjìká kan kọjá sábẹ́ abíyá kejì, ó sì kúnlẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ ọparun kékeré wà níwájú rẹ̀, èéfín ìrẹsì ń yọ láti inú rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n yọ ní ìkóríta: àwọn àlùfáà Búdà tó fárí kodoro, aṣọ wọn ní àwọ̀ ata rodo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, ẹsẹ̀ lásán, àgbà níwájú, ọmọdé lẹ́yìn, olúkúlùkù fi okùn gbé àwo ńlá kọ́ èjìká. Wọn ò sọ̀rọ̀. Ìyá yẹn náà ò sọ̀rọ̀. Bí ẹnìkan bá ti dé iwájú rẹ̀, á fi ìka mẹ́ta já ìrẹsì tí kò ju òkèlè ọmọdé lọ, á jù ú sínú àwo náà, kò ní jẹ́ kí ọwọ́ òun kan ti ẹni yẹn, kò sì ní wò ó lójú. Ẹni yẹn á kọjá. Kò ní dúpẹ́.

Ìyẹn ló rú mi lójú. Láàárín àwa Yorùbá, bí o bá fún èèyàn ní omi mu tí kò kí ọ, wàá ròyìn rẹ̀ títí di alẹ́. Ó di ìgbà tí mo rántí sàárà. Ẹni tó ń ṣe sàárà ni ó ń wá nǹkan. Ẹni tó bá a gbà á ló ṣe é lóore. Boun ni wọ́n ń pe èrè yẹn ní èdè wọn, obìnrin tó kúnlẹ̀ yẹn ló sì ń kó o sílé láràárọ̀. Nígbà tí wọ́n kọjá tán, ó da omi inú ìgò kékeré kan sídìí igi iwájú ilé, díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣàlàyé, mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń da omi fún bẹ́ẹ̀.

Níwájú díẹ̀, àwọn ọmọ kan kúnlẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òfìfo. Bí àwọn àlùfáà dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ń bu nínú ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sínú apẹ̀rẹ̀ náà.

Púpọ̀ nínú àwọn tó wà lẹ́yìn ìlà yẹn kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Àwọn òbí wọn ní abúlé orí òkè ló mú wọn wá kí wọ́n lè kàwé, kí wọ́n sì rí oúnjẹ jẹ, bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ lọ bá Alfa ní ilé kéwú nílẹ̀ wa. Ẹlòmíràn á ṣe oṣù mẹ́ta, ẹlòmíràn ọdún mẹ́wàá, á sì bọ́ aṣọ náà sílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò bú u. Láti ọ̀sán títí di ọjọ́ kejì, oúnjẹ kì í kan ẹnu wọn. Mo rí méjì nínú wọn lọ́jọ́ náà tí wọ́n sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù orí fóònù.

Ká padà sí òwúrọ̀ yẹn. Mo tẹ̀ lé ìlà náà títí mo fi dé òpópónà ńlá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bọ́ọ̀sì kéékèèké to síbẹ̀, wọ́n to àpótí ìjókòó oníke fún àlejò, àwọn kan ń ta ìrẹsì fún wọn kí àwọn náà lè fi tọrẹ. Kámẹ́rà ń kọ mànàmáná sójú àwọn ọmọ yẹn. Bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ wà káàkiri tó ń bẹ àlejò pé kí wọ́n jìnnà díẹ̀, kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n má tan iná. Púpọ̀ nínú àwọn onílé àdúgbò náà ti fi ilé wọn háyà fún àwọn tó sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì, àwọn fúnra wọn ti kó lọ sẹ́yìn ìlú. Ta ló wá kù tí yóò kúnlẹ̀ síwájú ilé? Inú ń bí mi sí gbogbo wọn bẹ́ẹ̀, mo sì ń fẹ̀yìn rìn kí n lè gba gbogbo ìlà náà sínú àwòrán kan ṣoṣo, ni gìgísẹ̀ mi bá tẹ ẹní obìnrin kan. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ mi. Ó gbójú sókè wò mí. Kò bínú. Ojú tí ìyá mi fi wo òyìnbó ọjọ́sí ló fi wò mí. Mo ki fóònù bọ àpò.

Oúnjẹ wọn ò ní ká máa sọ púpọ̀. Ìrẹsì tó ń lẹ̀ ni, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, wọ́n á fi ooru omi sè é nínú apẹ̀rẹ̀ ọparun, ọwọ́ ni a sì ń fi já a, tí a ń rún un ní òkèlè, tí a ń tọ ọ́ sínú ata. Wọ́n ń pe ara wọn ní ọmọ ìrẹsì yìí, bí ẹni pé Ìjẹ̀ṣà ń sọ nípa iyán. Wọ́n ń gún ìbẹ́pẹ dúdú nínú odó pẹ̀lú ata àti omi ẹja tó ti kan, tí òórùn rẹ̀ á mú irú wá sọ́kàn ẹ. Mo jẹ ẹ́, omi bọ́ lójú mi, mo tún bù sí i.

Ọdún tuntun wọn, Pi Mai, ló gbé mi lọ síbẹ̀ gan-an. Àárín oṣù Kẹrin ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí ooru bá mú jù, omi ni wọ́n sì fi ń kí ara wọn kú ọdún: garawa, ìbọn oníke, rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò. Kò sí àgbà, kò sí àlejò. Láàárín ariwo yẹn ni ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan kọjá tó mú mi dúró gbọn-in. Ọmọbìnrin kan jókòó sórí ère ẹranko, wọ́n ń fà á lọ, orí ère olójú mẹ́rin sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ nìyí. Ọba ọ̀run kan, Kabinlaphom, pa àlọ́ fún ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbọ́ èdè ẹyẹ: níbo ni iyì èèyàn ń wà láàárọ̀, níbo lọ́sàn-án, níbo lálẹ́? Bí ọ̀dọ́kùnrin náà kò bá mọ̀ ọ́n, orí rẹ̀ ló máa lọ sí i; bó bá mọ̀ ọ́n, orí ọba ni. Ọ̀dọ́kùnrin náà lọ sábẹ́ igi, ó gbọ́ tí idì méjì ń sọ ìdáhùn fún ara wọn. Láàárọ̀, ojú ni, nítorí ojú là ń bọ́. Lọ́sàn-án, àyà, tí a ń fi lọ́fínńdà pa. Lálẹ́, ẹsẹ̀, tí a ń fọ̀ ká tó sùn. Ọba pàdánù orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí yẹn ò gbọdọ̀ kanlẹ̀, ayé á jóná. Kò gbọdọ̀ bọ́ sókun, òkun á gbẹ. Nítorí náà ni àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méje ṣe ń gbà á gbé lọ́dọọdún. Ọjọ́ tí ọdún bá bọ́ sí láàárín ọ̀sẹ̀ ló ń sọ ẹni tó kàn.

Ọmọbìnrin kan, ẹrù tí kò gbọdọ̀ ṣubú, gbogbo ìlú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wí fún ọmọ Òṣogbo pé kó má pariwo. Síbẹ̀, ó yàtọ̀ o. Ìdíje ẹwà ni wọ́n fi ń yan tiwọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́ sí èrò. Arugbá tiwa kì í wo ọ̀tún, kì í wo òsì, ó ń rìn bíi pé ẹ̀mí gbogbo wa wà nínú igbá náà. Mi ò ní fi bò: tiwa wù mí jù.

Èyí tó mì mí dé ìsàlẹ̀ ló wá tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ ìlù, èrò yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, àwọn méjì kan jáde. Ojú wọn jẹ́ igi ńlá rìbìtì tí wọ́n kùn ní pupa, eyín funfun gbàǹgbà, irun gígùn jákujàku bò wọ́n láti ọrùn dé ilẹ̀. Ẹran kékeré kan tó dà bíi kìnnìún ń jó tẹ̀ lé wọn. Pu Nyeu àti Nya Nyeu ni wọ́n, bàbá-bàbá àti ìyá-bàbá gbogbo ìlú. Wọ́n ní láyé àtijọ́, ìtàkùn kan dàgbà títí ó fi bo oòrùn, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ gé e. Arúgbó méjì yìí gbé àáké. Ìtàkùn ṣubú, ó pa wọ́n. Ohun tí wọ́n bèèrè kí wọ́n tó lọ ni pé kí wọ́n má gbàgbé àwọn. Ilé tí wọ́n ń tọ́jú wọn sí wà nítòsí Wat Aham, lábẹ́ igi ràbàtà méjì, wọ́n sì ń jáde wá jó lásìkò ọdún tuntun.

Ẹnikẹ́ni ò ní láti ṣàlàyé Egúngún fún mi. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé iwájú ilé Búdà ni wọ́n ti ń jó, àwọn àlùfáà sì jókòó, wọ́n ń wò wọ́n tẹ̀ríntẹ̀rín. Nílé wa, ọdún Egúngún kì í kọjá kí ẹnìkan má ti pe ẹnìkejì ní kèfèrí lórí rédíò.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé Phra Bang jáde láti ọgbà ààfin lọ sí Wat Mai. Ère Búdà yìí ló fún ìlú lórúkọ. Gíga rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 83 lọ, ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni ń sọ pé ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ará Siam kó o lọ sí Bangkok, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì dá a padà, èyí tó kẹ́yìn ní 1867. Èmi tí mo mọ iye ọdún tí wọ́n fi ń bẹ àwọn kan nítorí ohun tí wọ́n kó ní Bìní, mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Wíwẹ̀ ni wọ́n ń wẹ ère náà. Igi gígùn kan tí wọ́n gbẹ́ ní àwòrán ejò odò, tí wọ́n sì gbẹ́ inú rẹ̀ bí ọpọ́n, ni wọ́n gbé kọ́ níwájú rẹ̀. O kò ní fọwọ́ kàn án. O máa gun àkàsọ̀ kúkúrú, o máa da omi olódòdó sí ìrù ejò náà, omi á sì ṣàn gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ títí á fi dà sára Búdà. Mo da tèmi. Òdòdó ofeefee kan há sójú ọ̀nà, obìnrin ẹ̀yìn mi da omi tirẹ̀, òdòdó náà sì lọ.

Ọjọ́ kejì ọdún ni mo gba orí afárá ọparun kọjá Nam Khan. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni afárá yẹn ń wà. Bí òjò bá dé, odò á gbé e lọ, bí omi bá fà, wọ́n á tún tò ó. Ó ń han lábẹ́ ẹsẹ̀, ó ń mì díẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà lẹ́nu rẹ̀. Mo dúró láàárín, mo ń ronú iye tí wọ́n ì bá ti fi ṣe afárá onísìmẹ́ǹtì lọ́dọ̀ wa, àti iye ọdún tí iṣẹ́ rẹ̀ ì bá fi wà ní "ó ń lọ lọ́wọ́".

Ní alẹ́ tí mo fẹ́ lọ, ìyá onílé pe àwọn aládùúgbò. Wọ́n ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣẹ́ nǹkan kan tó rí ṣóńṣó bí òkè, òdòdó kún ara rẹ̀, òwú funfun ń já wálẹ̀ láti ara rẹ̀. Ẹyin wà nídìí rẹ̀, ìrẹsì wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, ọtí wà. Bàbá àgbà kan tó ti ṣe àlùfáà rí ló jókòó sídìí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọmọ-ọmọ pa rọra sọ ọ́ sí mi létí: khwan mi ló ń pè, ìyẹn àwọn ẹ̀mí tó ń gbé ara èèyàn. Méjìlélọ́gbọ̀n ni khwan tó wà lára èèyàn kọ̀ọ̀kan. Bí èèyàn bá rìn jìnnà, tàbí ẹ̀rù bà á, tàbí ó ṣàìsàn, díẹ̀ nínú wọn lè ṣáko lọ. Wọ́n ń pè wọ́n láti inú igbó, láti inú odò, pé kí wọ́n padà wá sára ẹni tó ni wọ́n. Lọ́dọ̀ wọn, o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orí ẹni ẹlẹ́ni. Mo jókòó síbẹ̀, èmi tí mo ti ń rò pé orí kan péré ni mo ní láti máa bọ.

Wọ́n wá ń so òwú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń so ó ń wúre, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó mi fọwọ́ kan ìgúnpá ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kí ó lè kan òun náà. "Àṣẹ" bọ́ lẹ́nu mi. Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tó túmọ̀ sí. Pa so tirẹ̀ kẹ́yìn, ó ní kí n jẹ́ kó pé ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi ó kéré tán, kí n má sì fi ọ̀bẹ gé e, títú ni kí n tú u.

Ọjọ́ karùn-ún ni mo dé Òṣogbo, òwú náà ti dúdú lọ́rùn ọwọ́ mi. Ìyá mi rí i kó tó rí aṣọ tí mo rà bọ̀ fún un.

"Ta ló so èyí mọ́ ọ lọ́wọ́?"

"Àwọn tí mo dé sọ́dọ̀ wọn ni, mà. Wọ́n ní àwọn ń pe orí mi padà sílé."

"Orí rẹ?"

"Méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ní ó jẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò sójú rẹ̀. "Kí ni wọ́n fi bọ gbogbo wọn?"

"Ẹyin, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọtí. Ìrẹsì, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jẹ bí iyán."

"Ẹ sì jẹ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀?"

"A jẹ ẹ́, mà. A yó."

"Ó dáa nígbà yẹn." Ó fa ọwọ́ mi sórí itan rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná tú kókó òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Abẹ wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wo ọ̀nà ibẹ̀.